Kásẹ́ẹ̀tì Tí Kò Ní Orúkọ

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Èkó ni pé wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ti múra sílẹ̀ de ilẹ̀ òkèèrè. Mo ti kọ́ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá sórí, mo sì ń kà wọ́n lọ́kàn bí mo ṣe ń rìn lọ ní Sábó, ní Yábàá. Nígbà tí òùngbẹ fẹ́ẹ́ pa mí, mo dúró lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì náà sì fò lọ. Mo sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ó bu omi fún mi, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ìgbà tí mo mu ún tán ló tó béèrè pé, "Níbo lo ti wá, tó o fi ń fa ọ̀rọ̀ báyìí?"

Mo ní, "Ìmẹ̀kọ."

Irọ́ ni. Kétu ni mo ti wá, kì í ṣe Kétu ti Èkó, Kétu tí Faransé pín sọ́dọ̀ ara wọn, ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ará Èkó ń pe gbogbo rẹ̀ ní Kútọnu. Ìmẹ̀kọ wà ní òdìkejì ẹnubodè, lọ́dọ̀ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ wọn sì jọ tiwa. Nílé ni wọ́n ti kọ́ mi pé bí wọ́n bá bi mí, Ìmẹ̀kọ ni kí n sọ. Irọ́ tó rọrùn ni, nítorí kò gbà kí èèyàn yí ohùn rẹ̀ padà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí mo dé, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde, wọ́n sì ti ẹnubodè pa. Láti ìgbà náà, irọ́ yẹn di aṣọ tí n kò lè bọ́ lójú ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin tó gbà mí síṣẹ́ ni Ẹ̀gbọ́n Múfú, ọmọ Múṣin, tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé tí mo gba yàrá sí ní Sábó. Ó ń tún rédíò àti rẹ́kọ́dà ṣe, ó sì ń gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà. Ìwé kíkọ mi ló wù ú. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ orúkọ orin sára páálí kásẹ́ẹ̀tì, kí n sì máa ṣọ́ ẹ̀rọ náà bó ṣe ń gbà á.

Ó wo páálí àkọ́kọ́ tí mo kọ. "Ta ló kọ́ ọ báyìí? Àwọn fádà?"

"Ilé ìwé ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ilé ìwé wo ló wà ní Ìmẹ̀kọ tí wọ́n ti ń kọ̀wé bí ẹni ń kọ ìwé ìgbéyàwó?" Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iná ìjórin rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Sísí Ìmẹ̀kọ.

Rúdurùdu ni mo bá nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Kásẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì, lábẹ́ tábìlì, nínú bàtà, kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó ni wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun sì ti di ohun tí a ń wá káàkiri. Nítorí náà mo ṣe òfin kan. Mo kọ ọ́ sórí ìwé gàdàgbà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: kásẹ́ẹ̀tì tí kò bá ní orúkọ lára, tó bá di Sátidé, a ó gba orin mìíràn lé e lórí. Mo ya pẹpẹ kan sọ́tọ̀ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n Múfú ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "O ti di ìjọba," ló wí. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àjàṣẹ́, lọ́dọ̀ Faransé, ni mo lọ. Ní ọdún tó kẹ́yìn, wọ́n ń kọ́ wa ní filọ́sọ́fì, nítorí bí àwọn Faransé ṣe fi sílẹ̀ nìyẹn. Olùkọ́ wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹfun ìkọ̀wé máa ń wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sọ̀rọ̀ lórí eré ìbànújẹ́ àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ àti ohun tí àwọn onírònú ti sọ nípa rẹ̀. Ó ní bí igi bá wó pa èèyàn, àjálù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí òun ń wí. Ohun tí òun ń wí ni kí ẹ̀tọ́ méjì pàdé lójú ọ̀nà tí ẹnì kan ṣoṣo lè gbà. Ohun mìíràn tí òun ń wí ni kí èèyàn máa sá fún nǹkan, kí ẹsẹ̀ tó fi ń sá sì gbé e dé ìdí rẹ̀. Ó ní ojú ẹni náà máa ń là, ṣùgbọ́n ìgbà tí kò wúlò mọ́ ni. Mo nawọ́ sókè, mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn èèyàn ń lọ wò níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ẹfun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Kí wọ́n má bàa dá nìkan mọ̀ ọ́n."

N kò yege nínú ìdánwò ọdún yẹn. Gbólóhùn yẹn nìkan ló bá mi dé Èkó.

Kíbọ́ọ̀dù kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí ìjọ kan gbé wá fún àtúnṣe, tí wọn kò padà wá gbé. Ìjọ náà ti kó kúrò ládùúgbò. Ibi títẹ̀ mẹ́ta lára rẹ̀ kò dún mọ́. Ẹ̀gbọ́n Múfú ní kí n máa fi ṣeré, ó ní kò sí ẹni tó máa ra ohun tí eyín rẹ̀ ti ká. Ìlù wà nínú rẹ̀ tó ń lu ara rẹ̀ bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, mo sì lè dín ìlù náà kù títí yóò fi dà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn láìretí pé wọn yóò ṣí i.

Mo pinnu láti ṣe àwo orin kan. Orin mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí olùkọ́ yẹn sọ. Mo pe èkíní ní Ẹ̀tọ́ Méjì. Èkejì, Ẹsẹ̀ Tó Ń Sá. N kò fẹ́ tà á. N kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tí mo fi ń ṣe é, ju pé ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi jẹ́ ará Ìmẹ̀kọ, ibẹ̀ nìkan ni n kò ti purọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo ní rẹ́kọ́dà méjì. Èmi a tẹ kíbọ́ọ̀dù, èkíní a gbà á. Lẹ́yìn náà, èmi a jẹ́ kí èkíní máa kọrin síta, èmi a sì tẹ ohùn mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, èkejì a gba méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ń pààrọ̀ wọn, ìgbà márùn-ún, ìgbà mẹ́fà. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ohùn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń sún sẹ́yìn díẹ̀, ariwo kan bí epo tó ń gbóná á sì máa ga sí i. Ohun tó o bá fi síbẹ̀ ṣáájú ni yóò jìnnà jù.

Sátidé ìmọ́tótó ni mo máa ń ṣe é, ọ̀kan lóṣù, tí ìjọba ní kí gbogbo ayé dúró sílé gbálẹ̀ títí di aago mẹ́wàá. Kò sí mọ́tò lójú títì. Èèyàn lè gbọ́ ìgbálẹ̀ láti òpópónà kejì. Bí iná bá wà, mo ní wákàtí mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n Múfú gbọ́ orin kejì lọ́jọ́ kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú páànù ìdọ̀tí lọ́wọ́.

"Sísí Ìmẹ̀kọ, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó yẹ kí ẹnì kan kú. Orin tí kò ṣeé jó, tí kò ṣeé gbàdúrà sí." Ó tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Ó ní, "Tún un gbé kí n gbọ́."

Kò sí tẹlifóònù nílé wa ní Kétu. Kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà wa. Obìnrin kan tí à ń pè ní Ìyá Aláńkárá, tó ń gbé aṣọ wá sí Tejúoṣó gba àwọn ọ̀nà tí àwọn aṣọ́bodè kò mọ̀, ló ń bá wa gbé wọn. Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn. Àbúrò mi Felisité ló ń tẹ̀ ẹ́ fún un. Ìyá mi a kí mi, a kí ilé tí mo ń gbé, a kí ẹni tí mo ń bá ṣiṣẹ́, bí ẹni pé gbogbo wa jókòó yí i ká. A dárúkọ Kétu, a dárúkọ agboolé wa, a ki oríkì mi. Èyí ni kò jẹ́ kí n kọ nǹkan kan sára àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tó bá mọ̀ pé tèmi ni, tó sì gbọ́ ìṣẹ́jú kan péré nínú rẹ̀, ti mọ ibi tí mo ti wá.

Kásẹ́ẹ̀tì kẹta dé lẹ́yìn tí mo ti parí orin kẹrin. Mo tẹ̀ ẹ́ ní yàrá mi, mo ka ìwọ̀n ìṣẹ́jú rẹ̀ lábẹ́nú bí mo ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Ìkíni gùn. Lẹ́yìn náà ìyá mi ní, "Felisité, jáde síta ná. Èyí tí mo fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ, èmi àti òun ni." Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn dún. Mo gbọ́ tí ìyá mi mí kanlẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ dúró.

Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Yóò ní kí n padà wálé. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní lè kọ̀ fún un. Ó ku orin méjì. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá parí ẹkẹfà, màá gbọ́ ọ dé òpin. Èmi tí mo ti kọ orin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ẹ̀tọ́ Méjì ni mo ṣe èyí, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ní Sátidé ìmọ́tótó tó tẹ̀lé e, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ mú díẹ̀ nínú ìkíni rẹ̀, kí n fi ṣe ìpìlẹ̀ orin karùn-ún. Iná kò wá títí aago mẹ́wàá fi lù. Nígbà tó fi máa wá, oníbàárà ti kún ẹnu ọ̀nà. Mo palẹ̀ kíbọ́ọ̀dù mọ́, mo fi kásẹ́ẹ̀tì kan sínú àpò mi, mo kó àwọn tó kù lórí tábìlì sórí pẹpẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èèyàn mẹ́ta fẹ́ orin kíákíá, kò sì sí kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo mú mẹ́ta lórí pẹpẹ àwọn tí kò ní orúkọ, gẹ́gẹ́ bí òfin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Aláńkárá wá wò mí. Kò jókòó. Ó ní Felisité yóò wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu ní Ọjọ́rú, láago méjì ọ̀sán, kí n pè é.

Mo tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì tẹlifóònù láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ sọ fún mi pé ohùn mi yóò kọ́kọ́ lọ sí Yúróòpù kó tó padà sí Kétu. Kétu kò jìnnà sí Èkó ju ìrìn àjò mọ́tò láti àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ lọ. Mo gbọ́ Felisité bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Ìyá. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́."

"Fún un ní fóònù, kí n bá a sọ̀rọ̀."

"Kò lè wá. Bó tilẹ̀ wá, kò lè sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹrin tí a fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn ránṣẹ́ ló ṣẹlẹ̀." Ariwo gba ojú ọ̀nà, ó lọ. "Kí ni Ìyá bá yín sọ nínú rẹ̀? Gbogbo ìgbà ló ń na ọwọ́ òsì sí rẹ́kọ́dà. A ò mọ ohun tó fẹ́. Kí ló sọ, Ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ní màá tún pè é.

Mo délé, mo yọ kásẹ́ẹ̀tì inú àpò mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tẹ táípù. Ó ń pe àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń dúró de ìka akẹ́kọ̀ọ́. Mo gbọ́ ọ dé òpin apá kìíní. Mo yí i, mo gbọ́ apá kejì.

Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo sì to ọjọ́ Sátidé yẹn pọ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Mo rí ọwọ́ mi tó mú èyí tí kì í ṣe tèmi. Mo rí ọwọ́ mi kan náà tó nà sí pẹpẹ lọ́sàn-án. Kò sí ẹni tí mo lè bá jà. Ìwé gàdàgbà yẹn ṣì wà lára ògiri, lẹ́tà rẹ̀ gún régé, kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń lọ síbi iṣẹ́. Bí oníbàárà bá wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó fẹ́ orin kíákíá ní Sátidé yẹn ni Bàbá Sùrà, télọ̀ kan láti Múṣin tó ní kí a gba wákà sílẹ̀ fún òun. Ó wọlé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ka orí tábìlì.

"Múfú, ẹjọ́ rẹ ni mo wá rò."

Ẹ̀gbọ́n Múfú kò gbójú sókè. "Wákà náà kò dùn?"

"Ó dùn. Ó parí, mo ń rán ṣòkòtò lọ, n kò pa á. Ni arúgbó kan bá sọ̀rọ̀ nínú ilé mi. Mo rò pé ìyá ìyàwó mi ló dé. Mo ti dọ̀bálẹ̀ tán."

Ẹ̀gbọ́n Múfú bú sẹ́rìn-ín. "Kí ni arúgbó náà wí?"

"Ó ní òun ti sọ ọ́ tán. Mo dá a padà, mo tún gbọ́ ọ. Ó ní òun ti sọ ọ́ tán. Kí ló sọ? Ìyàwó mi ní kí n wá bi yín, torí òun náà fẹ́ gbọ́."

Mo ti mú kásẹ́ẹ̀tì náà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo fi sínú ẹ̀rọ, mo yí i dé òpin wákà. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ìyá mi ní, "Ó tán. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán." Ó dúró. "Felisité, wá bá mi pa nǹkan yìí." Kò sí ẹni tó dáhùn, nítorí ó ti lé e síta. "Felisité o." Ó jọ pé ó gbàgbé ẹ̀rọ náà. Mo gbọ́ tó fa abọ́ sún mọ́ra, tó ń ṣa ẹ̀wà, ẹ̀wà tó dára ń bọ́ sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń kun orin kan lábẹ́nú. Adìẹ kan kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ààbọ̀, kásẹ́ẹ̀tì sì tán.

Bàbá Sùrà wo ojú mi. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. "Àǹtí, ṣé ẹ mọ màmá náà ni?"

"Ìyá mi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, màá gba wákà mìíràn fún yín."

"Ẹ mú un," ló wí. "Ẹ mú un. Ẹ bá mi kí wọn."

Nígbà tó lọ tán, Ẹ̀gbọ́n Múfú pa iná ìjórin. "Ìyá rẹ tó wà ní Ìmẹ̀kọ?"

"Kétu ni, Ẹ̀gbọ́n. Lọ́dọ̀ Faransé."

"Mo mọ̀."

Mo wò ó.

"Ará Ìmẹ̀kọ wo ló máa ń fi Faransé ka ìṣẹ́jú kásẹ́ẹ̀tì? Láti oṣù àkọ́kọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ." Ó fa àga kan sún mọ́ mi. "Mo rò pé ìgbà tó bá wù ọ́ lo máa sọ fún mi."

Mo ti ń sá fún ohun tí kò lé mi, mo sì fi ìyá mi san án. N kò sọ èyí fún un. Mo sọ fún un nípa òfin, pẹpẹ, àti ohun tí mo gba orin lé lórí. Kò tù mí nínú, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó dìde, ó yọ ìwé gàdàgbà náà kúrò lára ògiri, ó ká a, ó fún mi.

Mo fi kíbọ́ọ̀dù nìkan ṣe orin karùn-ún, mo sì lo Sátidé ìmọ́tótó mẹ́ta lórí orin kẹfà. Nínú àwọn orin tó kù, ohun tó bá kọ́kọ́ wọlé ló máa ń jìnnà jù. Fún èyí, mo tẹ gbogbo kíbọ́ọ̀dù tán, ìpele kan lórí òmíràn, títí ó fi di ariwo epo gbígbóná tí ìró kan ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó parí ni mo tó fi ohùn ìyá mi lé e, gbẹ̀yìn, kí ó lè wà níwájú. Mo kọ orúkọ ìyá mi sára páálí, mo kọ Kétu sábẹ́ rẹ̀. Eyín kéékèèké méjì wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì. Bí èèyàn bá fọ́ wọn, ẹ̀rọ kankan kò ní gbà láti kọ nǹkan lé e mọ́. Mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fọ́ méjèèjì.

Wọ́n ṣí ẹnubodè ní ọdún tó tẹ̀lé e. Mo ti pẹ́ ní Èkó báyìí, Ìpọ̀nrí ni mo ń gbé, àwọn aládùúgbò mi sì ń pè mí ní Àǹtí Kétu. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹnubodè ṣí yẹn ni mo kọ́kọ́ padà sílé.

Ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìdajì ojú rẹ̀ ti sùn. Mo bi í pé kí ló sọ. Ó la ẹnu, ìró kan jáde, inú bí i sí ìró náà, ó yí ojú sí ògiri. Mo ní, "Ṣé ẹ ní kí n wálé ni?" Kò mi orí. Mo ní, "Ṣé ẹ ní kí n dúró lọ́hùn-ún ni?" Kò mi orí. Mo dákẹ́, nítorí mo ti ń dà bí aṣọ́bodè tó ń bi èèyàn ní ìwé.

Mo gbé rẹ́kọ́dà sórí àpótí, mo tẹ orin kẹfà fún un. Ó tẹ́tí. Ìlù kíbọ́ọ̀dù náà ń dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ jáde láàárín rẹ̀, kedere, ó ní òun ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Felisité, wá bá mi pa nǹkan yìí. Felisité o."

"Mà," ni Felisité dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé.

Mo gbọ́ tí abọ́ ṣubú. Ó sáré gba àárín ilé kọjá, ó yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ìyá, ẹ pè mí? Ìyá, ẹ̀yin lẹ pè mí?"

Nínú rẹ́kọ́dà, ẹ̀wà ń bọ́ sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi wo Felisité. Ìdajì ẹnu rẹ̀ tó ṣì wà láàyè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀díẹ̀, ó sì nà án sí mi, bí ọmọdé tó ń fi ẹni tó ṣe é hàn.